Ajá Tó Ní Ẹni Lẹ́yìn: Ilé Ìtọ́jú Ẹranko New Orleans àti Ìjì Katrina

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2005, bí ìjì Katrina ṣe ń ru bọ̀ láti orí òkun Gulf of Mexico, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú ẹranko tó wà ní òpópónà Japonica ní New Orleans, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, kó ẹranko 263 sínú ọkọ̀, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Ẹgbẹ́ Louisiana SPCA, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìwà ìkà sí ẹranko, ló ni ilé náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Houston ló gba àwọn ẹran náà sọ́dọ̀.

Ètò yẹn kì í ṣe ti òjijì. Ọ̀pọ̀ àdúgbò New Orleans ló rẹlẹ̀ ju òkun lọ, odi ni wọ́n mọ yí ìlú ká kí omi má bàa wọlé. Ẹni tó bá ń tọ́jú ẹran nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tó máa kó wọn gbà kí òjò tó ṣú. Ilé Japonica gan-an kò jìnnà sí ipadò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, èyí tí wọ́n ń pè ní Industrial Canal. Ní àárọ̀ ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, odi ya ní Industrial Canal, ó ya ní ipadò 17th Street, ó tún ya ní ipadò London Avenue. Omi bo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà. Ó wọ ilé Japonica pẹ̀lú, ó sì bà á jẹ́ débi pé ẹgbẹ́ náà kò lè padà síbẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé ajá tí kò ní ẹnì kankan, ajá tí wọ́n mú ní títì, rí ọkọ̀ tó gbé e jáde kí omi tó dé. Àwọn àgbà ní ajá tó ní ẹni lẹ́yìn a pa ọ̀bọ, ṣùgbọ́n ní New Orleans lọ́sẹ̀ yẹn, ajá tó ní ẹni lẹ́yìn gan-an ni omi ká mọ́lé, nítorí pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ọkọ̀ tó máa gba àwọn méjèèjì. Ẹnikẹ́ni tó bá ń rò pé iṣẹ́ ilé ìtọ́jú ẹranko kò kan ọmọ èèyàn, kó wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí yìí.

Ọdún 1888 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Louisiana SPCA sílẹ̀. Ní 2005, Laura Maloney ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Yàtọ̀ sí pé wọ́n ń gba ajá àti ológbò tí kò nílé, tí wọ́n sì ń wá ẹni tó máa gbà wọ́n sọ́dọ̀, àwọn náà ni ìlú New Orleans gbéṣẹ́ fún láti máa mú ajá tó ń rìn kiri, láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ẹni tí ajá bá gé jẹ, àti láti máa ṣọ́ àrùn dìgbòlugi. Torí náà wọ́n mọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ ibi tí àwọn èèyàn ti ń sin ajá púpọ̀, wọ́n mọ ibi tí owó abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ń wọ́n àwọn èèyàn. Ìmọ̀ yẹn wúlò fún wọn gan-an nígbà tó yá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28, ni olórí ìlú, Ray Nagin, pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn kúrò nílùú. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ìdílé New Orleans lọ tí kò ní mọ́tò. Ẹni tó ní mọ́tò lè gbé ajá rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, kó sì forí lé ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kò gba ẹran. Ẹni tí kò ní mọ́tò ń bẹ lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn aláàánú. Ibùdó ìsádi Red Cross kò sì gba ẹran nígbà náà, wọ́n ní torí ìlera ni, torí pé ara àwọn mìíràn kì í gba irun ajá tàbí ti ológbò. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn kúrò ní pápá ìṣeré Superdome, wọn kò gba ẹran sínú bọ́ọ̀sì. Nínú ọkọ̀ ojú omi àti hẹlikópítà tí wọ́n fi ń yọ èèyàn lórí òrùlé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sọ fún onílé pé ìwọ nìkan là ń gbé.

Akọ̀ròyìn kan láti ilé iṣẹ́ Associated Press kọ ọ́ síta pé ọlọ́pàá gba ajá kékeré kan lọ́wọ́ ọmọdékùnrin kan tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. Ọmọ náà sunkún, ó ń pe orúkọ ajá náà, “Snowball! Snowball!”, títí ó fi bì. Ìròyìn náà gba ayé kan. Mo ti rí àwọn tó ń bínú pé kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń sunkún ajá nígbà tí òkú èèyàn ń léfòó lójú omi. Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kò sì fojú di í. Ó ju ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ tó kú nínú ìjì náà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwádìí tí iléeṣẹ́ Fritz Institute ṣe ní 2006: nínú àwọn tí kò kúrò nílùú, ìpín 44 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé ara ohun tó dá wọn dúró ni pé wọn kò lè fi ẹran wọn sílẹ̀. Ajá àti ológbò tí ọkọ̀ kọ̀ láti gbé, àwọn ló dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sínú omi.

Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ẹni tó bá mọ ọdẹ ilẹ̀ wa mọ̀ pé kò ní sá jáde nínú igbó tí iná ń jó, kí ó fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Arúgbó obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, tó jẹ́ pé ológbò nìkan ló ń bá a gbélé láti ọdún yìí wá, ẹ kò lè sọ fún un láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún pé kó já a jù sílẹ̀.

Àwọn mìíràn lọ o, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni àwọn máa lò. Ìjì ti ń wá, tó ń lọ, látijọ́. Wọ́n da oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n pọn omi sínú ọpọ́n ìwẹ̀, wọ́n ti ajá mọ́ yàrá òkè, wọ́n kọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ti ìlú pa, ọ̀sẹ̀ sì ń gorí ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè wọlé.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ilé ìtọ́jú ẹranko náà ti yí padà. Wọn kò ní ilé mọ́. Ilé àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn wà lábẹ́ omi. Síbẹ̀ wọ́n padà wá. Wọ́n fi ìkàlẹ̀ sí Lamar-Dixon, gbọ̀ngàn ìpàtẹ ẹṣin ńlá kan ní ìlú Gonzales, láàárín New Orleans àti Baton Rouge, níbi tí ilé ẹṣin pọ̀ sí. Àwọn ẹgbẹ́ láti gbogbo Amẹ́ríkà wá bá wọn níbẹ̀, Humane Society of the United States wà níbẹ̀, ASPCA wà níbẹ̀. Best Friends, láti ìpínlẹ̀ Utah, pa àgọ́ tiwọn sí Tylertown ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Àwọn dókítà ẹranko fi ìsinmi wọn sílẹ̀, àwọn èèyàn tí kò gba owó kankan wa mọ́tò láti ọ̀nà jíjìn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ rèé. Onílé tó ti wà ní Houston tàbí Atlanta á pe fóònù, á sọ àdírẹ́sì rẹ̀ àti irú ẹran tó wà nílé. Àwọn olùyọ̀ǹda á gba àdírẹ́sì náà, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi tàbí mọ́tò débẹ̀, wọ́n á já ilẹ̀kùn. Wọ́n á fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri ilé ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀. Bí ajá bá pọ̀ jù láti gbé, wọ́n á fi oúnjẹ àti omi mímọ́ sílẹ̀, wọ́n á padà wá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi rí àwòrán ilé New Orleans tí wọ́n kọ nǹkan nípa ajá àti ológbò sí lára.

Àwọn tí ẹgbẹ́ Louisiana SPCA gbà là tó nǹkan bí 8,500. Bí ẹ bá da ti gbogbo ẹgbẹ́ tó kù pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n tó nǹkan bí 15,000. Kò tíì sí irú rẹ̀ rí nínú ìtàn Amẹ́ríkà títí di ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n iye tó padà sọ́wọ́ ẹni tó ni wọ́n kò ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù wà fún ẹni tó bá ń sin ẹran tàbí tó ń tọ́jú wọn.

Ọ̀pọ̀ ajá náà kò ní nǹkan kan lọ́rùn, wọn kò sì ní microchip, ohun kékeré bí hóró ìrẹsì tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti sábẹ́ awọ ajá, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ ẹni tó ni ín. Àwọn ẹni tó ni wọ́n fọ́nká sí gbogbo ìpínlẹ̀, fóònù ilé wọn ti kú, kọ̀ǹpútà kò sí lọ́dọ̀ wọn. Petfinder, ibi tí wọ́n ti ń wá ẹran lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣí àkójọ ńlá kan fún àwòrán àwọn ẹran tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú gbọ̀ngàn ńlá kan ní Houston, níbo ló ti fẹ́ jókòó wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ajá dúdú? Láàárín àkókò yìí, Lamar-Dixon ti kún. Kí wọ́n tó lè gba òmíràn, wọ́n ní láti gbé àwọn tó wà níbẹ̀ lọ. Wọ́n kó wọn sí California, sí Florida, sí New York, sí ibi gbogbo. Iṣẹ́ àánú ni. Síbẹ̀ bí ajá kan bá kúrò ní Gonzales láìsí ìwé tó péye lára rẹ̀, ó ti sọnù fún ẹni tó ni ín.

Nígbà tí àwọn onílé wá rí ajá wọn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìjà dé. Àwọn kan dá ajá padà tayọ̀tayọ̀. Àwọn mìíràn kọ̀. Wọ́n ní bí onílé bá fẹ́ràn ajá yìí, kò ní fi í sílẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ka sí aràn tó ń gbé inú ọkàn ajá, tí wọ́n bá lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, pé ẹ̀rí àìbìkítà ni. Ẹ̀fọn ló ń gbé aràn yẹn kiri. Louisiana jẹ́ ilẹ̀ àbàtà, ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀ ju bí ó ṣe pọ̀ ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà lọ. Oògùn tó ń dènà rẹ̀ jẹ́ ti oṣooṣù, owó ni, bó bá sì ti wọ ara ajá, oṣù mélòó kan ni ìtọ́jú rẹ̀ ń gbà. Ìlú tí ẹni dúdú pọ̀ sí, tí òṣì pọ̀ sí, ni New Orleans. Kí ẹni tó ń gbé ní ìlú tí ẹ̀fọn kò pọ̀ sí wá fi aràn ẹ̀fọn ṣe ìdájọ́ pé òtòṣì kò fẹ́ràn ajá rẹ̀, kò tọ́. Mo sọ ọ́ láìyí i po: àìmọ̀ ni, ìfojú-tẹ́ńbẹ́lú òtòṣì sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹjọ́ kan lọ títí dé kóòtù, ọdún yí po lórí àwọn mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibòmíràn wé e. Ní Baton Rouge, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana ṣí ibùdó sí John M. Parker Coliseum, gbọ̀ngàn kan nínú ọgbà yunifásítì náà. Ẹran tí ẹni tó ni í mú wá fúnra rẹ̀ ni ibùdó yìí wà fún. Onítọ̀hún ń lọ sùn ní ibùdó èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè wá bọ́ ajá rẹ̀ kó sì mú un rìn jáde. Ìwé wà, orúkọ wà, ojú sì mọ ojú. Ibẹ̀ kò ní irú wàhálà àìmọ-ẹni-tó-ni-í tí Lamar-Dixon ní, kì í ṣe torí pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbọ́n ju ti ibí lọ, bí kò ṣe torí pé wọn kò ya èèyàn àti ẹran nípá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Dixon Correctional Institute, ní ìlú Jackson, Louisiana, wà lára àwọn tó tọ́jú ẹran Katrina. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń gbá ilé wọn. Nígbà tó di 2010, ilé ìtọ́jú ẹranko tó dúró ṣinṣin wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn, Pen Pals ni wọ́n ń pè é, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ ojú àwọn dókítà yunifásítì, àwọn ará àdúgbò sì ń lọ gba ajá níbẹ̀.

Òfin tẹ̀ lé e. Tom Lantos láti California àti Christopher Shays láti Connecticut gbé àbá kan síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà. Ní oṣù Karùn-ún 2006, aṣojú 349 fọwọ́ sí i, 24 kọ̀. Ààrẹ George W. Bush buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. PETS Act ni wọ́n ń pè é. Ohun tó sọ kò le rárá: ìpínlẹ̀ tàbí ìlú tó bá fẹ́ gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà àjálù gbọ́dọ̀ ní ètò fún àwọn tó ní ẹran nílé àti àwọn tí ajá ń ṣèrànwọ́ fún, bí afọ́jú. Louisiana ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà.

Òfin náà ní ààlà o. Bí FEMA, iléeṣẹ́ tó ń rí sí àjálù, ṣe túmọ̀ rẹ̀, ajá, ológbò, ẹyẹ, ehoro, àwọn ẹran bí eku tí wọ́n ń sìn, àti awun ló wà nínú rẹ̀. Ewúrẹ́, adìyẹ, ẹṣin tàbí ẹja kò sí níbẹ̀. Ìdílé tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé ni ọrọ̀ rẹ̀ ṣì ní láti wá ọ̀nà tirẹ̀. Lójú tèmi, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí gbà ní 2006 nìyẹn.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdánwò dé. Ìjì Gustav wọ Louisiana ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2008. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí kò ní mọ́tò lọ sí ibùdókọ̀ pẹ̀lú ajá rẹ̀. Òṣìṣẹ́ Louisiana SPCA ń dúró dè é. Wọ́n á fún ẹran ní nọ́ńbà, wọ́n á fún èèyàn ní nọ́ńbà kan náà, èèyàn á wọ bọ́ọ̀sì, ẹran á wọ ọkọ̀ tirẹ̀ nínú kéèjì, àwọn méjèèjì á sì kọrí sí ìhà àríwá ìpínlẹ̀ náà. Gbogbo ohun tí kò sí ní 2005, ìwé, nọ́ńbà, ọkọ̀, ibi tí wọ́n ń lọ, ló wà nílẹ̀. Àwọn èèyàn sì kúrò nílùú lọ́pọ̀ yanturu.

Nígbà náà, ẹgbẹ́ náà ti ní ilé tuntun. Lẹ́yìn ìjì, inú ilé tí wọ́n ń kó kọfí pamọ́ sí ní Algiers ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní òdìkejì odò Mississippi, níbi tí omi Katrina kò bò. Àdúgbò yẹn ni wọ́n kọ́ ilé sí, ní Mardi Gras Boulevard, wọ́n sì ṣí i ní 2007. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lójoojúmọ́ ṣe pàtàkì lójú mi ju iṣẹ́ ìjì lọ. Ilé ìwòsàn wà níbẹ̀ fún ẹran ará ìlú, ní owó tí kò gani lára: abẹ́rẹ́ àjẹsára, iṣẹ́ abẹ tí kì í jẹ́ kí ajá àti ológbò bímọ mọ́, microchip. Ajá tí aráàlú bá gbà lọ́dọ̀ wọn, microchip ti wà lára rẹ̀ kó tó jáde. Ẹni tí owó oúnjẹ ajá wọ́n máa ń rí ìrànwọ́ gbà, kó má bàa di pé ó já a jù sí títì nítorí ìyà oṣù kan.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2021, ọjọ́ tó pé ọdún 16 gééré tí Katrina dé, ìjì Ida wọ Louisiana. Kí ó tó dé, ẹgbẹ́ náà ti kó ẹran tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe ní 2005. Odi ìlú dì í mú, ṣùgbọ́n iná ọba lọ ní gbogbo New Orleans. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ ajá àti ti ológbò fún àwọn ará ìlú, fún ẹni tó kúrò tó padà dé, àti fún ẹni tí kò rí owó kúrò.